Ìrìn Tí Mo Tẹ̀lé Màmá Ṣadé Rìn Dé Odò Ovia

Láti ìgbà tí báǹkì ti gbé mi padà sí Iléṣà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ará ilé ń bi mí nípa ìlú Bìní. Wọ́n á sún mọ́ mi, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní, "Fúnmi, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn ará ibẹ̀?" Bí mo bá wá béèrè pé kí ni wọ́n ń sọ, kò sẹ́ni tó lè là á sílẹ̀. Ó ti sú mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ní Uwasota, àdúgbò kan ní Bìní, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: kò sí ọmọ Bìní kankan tó yọ mí lẹ́nu tó obìnrin Ìjẹ̀bú kan, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó mú mi fi ẹsẹ̀ rìn ọjọ́ mẹ́rin nínú oko olóko kí n lè ya fọ́tò omi.

Màmá Ṣadé ni gbogbo wa ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Bìní kó tó fẹ̀yìn tì. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, ìjọ tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ṣe ìsìn, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Iṣẹ́ ìyà ni. Gbogbo ohun tó bá sọ ni wọ́n ń gbọ́, Píjìn ni wọ́n sì fi ń dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan ó bi wọ́n pé odò wo ló sún mọ́ ilé wọn jù. Ọ̀kan nínú wọn nàró, ó ní, "Ma, na only gutter dey our side." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá nìkan ni kò rín. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí ló ti pinnu pé òun yóò ṣe ìwé kékeré kan nípa àwọn odò àyíká Bìní, ní Yorùbá, pẹ̀lú fọ́tò.

Èmi ni mo ní kámẹ́rà. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ayé kámẹ́rà onífíìmù la ṣì wà nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn ni. Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti bá ara mi sọ ọ́ pé oorun ni n óò fi gbogbo rẹ̀ sùn. Màmá wá bá mi nílé pẹ̀lú máàpù kan tó ti gbó lójú ibi tí wọ́n ti ń ká a.

"Odò tí èèyàn bá fi mọ́tò kọjá, kò tíì rí i," ló wí. "Afárá ló rí. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn."

"Ọ̀nà yẹn jìn, Mà."

"Ta ló kọ́ jọ́gíráfì nínú èmi àti ìwọ?"

Mo sá tọ ọkọ rẹ̀ lọ, Bàbá Ṣadé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, mo rò pé yóò dá a lẹ́kun. Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá a lọ. Báyìí ni mo ṣe pàdánù oorun mi.

Títì Siluko

Títì Siluko la gbà jáde nílùú, láàárín àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn, àti àwọn mẹkáníìkì tó gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sáàárín ọ̀nà bí ẹni pé àgbàlá bàbá wọn ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kọ́ ni pé kò sẹ́ni tó gbà pé èèyàn méjì tó wọ bàtà lè máa fi ẹsẹ̀ rìn tinútinú. Ọlọ́kadà kan tẹ̀lé wa títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nílùú. "Mama, who vex una?" Màmá ní kò sẹ́ni tó bí wa nínú, a kàn ń rìn ni. Ọkùnrin náà wojú mi, ó tún wojú rẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ owó ọkọ̀ ni kò sí, òun yóò gbé wa lọ́fẹ̀ẹ́. Níwájú díẹ̀, obìnrin kan tó ń ta ọsàn dá wa dúró, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà gígùn kan. Ó rò pé ẹ̀jẹ́ la jẹ́ tí a ń lọ san.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí nípa àwọn èèyàn yẹn. Wọn kò ní jẹ́ kí o jìyà níwájú àwọn. Ṣùgbọ́n bí ìyà náà bá jẹ́ èyí tó wù ọ́ jẹ, wàhálà dé. Wọ́n á máa bẹ̀ ọ́ títí wàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì pé o ní ẹsẹ̀.

Lórí ọ̀dà, Màmá ń yan bíi sójà, èmi ni mò ń sáré tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yà sí ọ̀nà oko, gbogbo rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbòòrùn ọwọ́ rẹ̀ gún ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Ó kọ lu ebè. Ó fẹsẹ̀ kọ kùkùté. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, ewúrẹ́ funfun, lọ́sàn-án gangan.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n di ọwọ́ yín mú."

"Ṣé arọ ni mí ni?"

"Ẹ máa wolẹ̀ nígbà náà."

"Mò ń wo iwájú. Iwájú ni odò wà."

Bí a ṣe bá ara wa sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin ará ìjọba

Abúlé tí a kọ́kọ́ dé kò ju ogún ilé lọ. Mo ti ń ronú omi mímu àti àga. Màmá ní tirẹ̀ fa máàpù yọ, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ńṣì ìta ilé kan, ó ń fi ìka tọ ọ̀nà lórí rẹ̀. Kó tó di pé mo rí omi mu, ọkùnrin mẹ́sàn-án ti yí wa ká. Àgbàlagbà kan, tí àwọn yòókù fi ọ̀wọ̀ wọ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, tọ́ka sí máàpù, ó tọ́ka sí kámẹ́rà tó wà lọ́rùn mi.

"Una be government?"

"Rárá, sà. No, sir," ni mo wí.

"Company?"

"Tíṣà ni mí," ni Màmá wí, ó sì tún un sọ ní Píjìn. "Na teacher I be. We dey find water to snap."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Ẹni tó bá wá ya fọ́tò omi rẹ lónìí, yóò padà wá gba ilẹ̀ tó yí omi náà ká lọ́la. Kì í ṣe ìrònú aṣiwèrè. Àwọn kan ti wá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí, máàpù ni wọ́n sì gbé wá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Ó ń ṣàlàyé bí odò ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ fún àwọn tí inú ń bí. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká máàpù yìí." Ó ní kò tíì parí.

Ìyàwó bàbá náà ló gbà wá. Iye ni wọ́n ń pè é, bí àwọn Bìní ṣe ń pe ìyá nìyẹn. Ó jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó wo bàtà mi tó ti funfun fún eruku, ó sọ gbólóhùn kan ní èdè wọn, gbogbo àwọn ọkùnrin náà sì bú sẹ́rìn-ín. Mo béèrè ohun tó sọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Títí di òní n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí àjèjì jẹ́ nìyẹn, ẹ̀yin ará ilé: wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín lójú ara rẹ, wàá sì tún dúpẹ́, torí pé ẹ̀rín yẹn ni wọ́n fi gbà ọ́ wọlé.

Obì dé. Ní ọ̀dọ̀ wọn, wọn kì í bá àlejò jíròrò títí obì yóò fi dé. Bàbá náà gbàdúrà sí i, àdúrà tó gùn débi pé omi tí wọ́n gbé fún mi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó tó ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni Iye gbé iyán àti ọbẹ̀ dúdú wá. Mo sọ òótọ́, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo wo abọ́ náà. Ewé ni wọ́n fi sè é, kò sí pupa kankan nínú rẹ̀, ó dà bí aró. Mo bu òkèlè kékeré kan, ó korò díẹ̀, ẹja gbígbẹ sì tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tí mo fi mọ̀, mo ti ń wo abọ́ Màmá bóyá ó máa ṣẹ́ kù. Kò ṣẹ́ kù.

Omi tí kò ga ju orúnkún lọ

Ẹ rántí pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Mo ti gun òkè lọ wo omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láti kékeré. Mo mọ ohun tí à ń pè ní omi tó ń já láti orí àpáta. Mo ti sọ fún Màmá nílé pé ìhà ibi tí a ń lọ yìí, ilẹ̀ tẹ́jú níbẹ̀, kò sí òkè tí omi máa já láti orí rẹ̀. Ó ní n kò ka máàpù.

Ilé Iye la sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan tó ń kọlà sí igi rọ́bà láti gba oje rẹ̀ sọ fún wa pé òun mọ ibi tí omi ti ń já. "E dey fall well well," ló wí. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó mú wa rìn nínú igbó fún nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Ẹ̀gún ya yẹ̀rì mi. Màmá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. A dé ibẹ̀. Omi kékeré kan ń gba orí gbòǹgbò igi kan kọjá, ó ń dà sínú kòtò. Kò ga ju orúnkún mi lọ.

Mo wo ọkùnrin náà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró kí n yìn ín. Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó mú àlejò wá sí ilé tuntun rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kí omi náà lè dà bí èyí tó ga, mo ya fọ́tò márùn-ún. Màmá ní kí n dúró kí oòrùn yí díẹ̀. Mo dúró. Ẹ̀fọn jẹ mí. Oòrùn yí, òjìji igi bo gbogbo rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà la já sí etí odò kan tí ó gbòòrò díẹ̀, omi rẹ̀ mọ́ gaara, iyanrìn funfun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú mi là. Mo gbé kámẹ́rà sókè. Àwọn obìnrin mẹ́fà tó ń fọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ sínú omi pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tó sígbọnlẹ̀, tó ró aṣọ mọ́ àyà, rìn jáde nínú omi wá bá mi.

"Sister, keep that thing for ground," ló wí. Kò gbé ohùn sókè. "You no fit use eye chop our work."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìwé àwọn ọmọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó nawọ́ apẹ̀rẹ̀ sí mi. Mo gbé kámẹ́rà fún Màmá, mo ká yẹ̀rì mi sókè, mo wọnú omi. A ń fún ẹ̀gẹ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Òórùn rẹ̀ kò kúrò lára mi títí mo fi padà sílé. Nígbà tí iṣẹ́ parí, obìnrin náà pè wọ́n jọ, wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Oya. Snap the water. No snap us." Fọ́tò tó dára jù nínú gbogbo ìrìn náà nìyẹn. Mo fi ọwọ́ mi san án.

Mo bínú sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n tí àjèjì bá wá sí odò tiwa tó gbé kámẹ́rà sójú mi níbi tí mo ti ń fọṣọ, n kò ní ṣe sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Odi kọnkéré

Ọjọ́ kẹta ni ìbínú mi dé góńgó. Òjò ti pa wá láàárọ̀, Màmá sì ti kọ lu gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà. Mo ti jágbe mọ́ ọn, èmi tí wọ́n tọ́ nílé tí a kì í ti í wo àgbà lójú. "Mà, ṣé ẹ ò rí i ni?" Mo sọ gbólóhùn yẹn tó ìgbà mẹ́wàá lọ́jọ́ yẹn, n kò sì gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

A gba inú oko rọ́bà àtijọ́ kan tí wọ́n ti pa tì. Igi tò ní ìlà gígùn, ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ, omi tó ń já, omi gidi, kì í ṣe ti gbòǹgbò igi. Màmá yára. A jáde síbi gbalasa kan, omi sì ń dà wálẹ̀ níwájú wa, ó fẹ̀, ó ga tó ilé kan, ó ń hó nísàlẹ̀.

Màmá dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di agbòòrùn mú.

"Wo àpáta," ló wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí n kò ṣe gbọ́ ọ rí. "Wo bí omi ṣe gbẹ́ àpáta dúdú yẹn. Ìwọ ní kò sí òkè ní ìhà ibí. Ẹgbẹ̀rún ọdún ni omi fi ń ṣe irú èyí, Fúnmi. Ya á. Ya á dáadáa."

Mo wò ó. Kì í ṣe àpáta. Odi kọnkéré ni, èyí tí àwọn tó ni oko náà láyé àtijọ́ mọ láti fi sé omi. Èéhù dúdú ti bò ó láàárín, níbi tí omi ń gbà. Ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún, irin ìdìmú wà lórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lápá òsì, ilẹ̀kùn irin kan wà tó ti dípẹtà, ó tóbi, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí i lára. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè pè é ní àpáta.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Màmá Ṣadé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo rọra rìn lọ sí apá òsì rẹ̀, mo na ọwọ́ mi sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, mo sì ń jù ú. Kò yí padà. Ó ṣì ń wo iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí kọnkéré.

"Mà, ẹ wò mí."

Ó yí gbogbo orí rẹ̀, bí adìẹ ṣe ń yí i, ó wá mi díẹ̀ kó tó rí mi.

"Ìka mélòó ni mo nà?"

"Irú ìranù wo nìyí? Ya fọ́tò."

"Mà, ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo rò pé yóò bú mi. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó na ẹsẹ̀ síwájú.

"Ọdún méjì," ló wí níkẹyìn. "Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé awò ojú mi ni kò dára mọ́. Lẹ́yìn náà ni ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká láti ẹ̀gbẹ́. Mo ń rí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dáadáa. Bíi pé èèyàn ń wo nǹkan láti inú páìpù."

"Kí ni dókítà sọ?"

"N kò lọ."

"Ọdún méjì, Mà?"

"Ìyá mi fọ́jú kó tó kú. Bí mo bá lọ, wọ́n á sọ ọ́ fún mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé ṣé àánú rẹ̀ ṣe mí. Àánú dé lẹ́yìn náà. Inú ló bí mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń pariwo mọ́ afọ́jú pé kó wo ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ́ kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀. A ti gba orí afárá onígi kan kọjá lánàá, tí kò ní ìdìmú, èmi sì wà níwájú, mò ń korin. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ọ́ tán, mo fi ìdérí dé kámẹ́rà, mo jù ú sínú báàgì.

"N kò ní ya omi kankan mọ́," ni mo wí, "títí ẹ ó fi ṣèlérí pé ẹ máa lọ rí dókítà ojú."

"O ń halẹ̀ mọ́ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Omi ń já. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun mìíràn ló béèrè.

"Kí ni mo ń wò gan-an?"

Mo ronú láti parọ́. Kò ní ná mi ní nǹkan kan.

"Kọnkéré ni, Mà. Odi tí wọ́n fi sé omi. Irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn irin náà wà."

"Mo ti kọ ọ́ tán lọ́kàn mi," ló wí. "Mo ti kọ ohun tí mo máa kọ sínú ìwé. Àpáta. Ẹgbẹ̀rún ọdún." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń fún àwọn ọmọ ní òdo nítorí irú rẹ̀. Wọ́n á kọ ohun tí wọn kò rí."

Ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde. "Ọjọ́ Ajé," ló wí. "N óò lọ lọ́jọ́ Ajé. Ya odi yẹn, má gé irin rẹ̀ kúrò."

Ovia

Láti ibẹ̀ lọ, apá mi ló dì mú, a sì ń rìn bí ìyá àti ọmọ. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ dẹ̀ wá. Ó ń sọ fún mi pé mò ń yára jù, lẹ́yìn náà pé mò ń fà bí ìgbín. Bí mo bá ní, "Gbòǹgbò wà níwájú, Mà," á ní òun ti mọ̀. Á sì tún gbé ẹsẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ.

A dé odò Ovia, òpin ìrìn wa, lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin. Mo ti ń retí omi tó mọ́, bíi ti àwọn obìnrin tó ń fọ ẹ̀gẹ́. Omi pupa bí tíì oníwàrà ni mo bá, ó fẹ̀, ó ń lọ pẹ̀lú agbára láìpariwo, igi wó sínú rẹ̀ létí méjèèjì. Apẹja àgbàlagbà kan ń tún àwọ̀n ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. A kí i ní ìkíni kan ṣoṣo tí mo ti mọ̀ sọ ní èdè Bìní, "Kóyo." Ó dá wa lóhùn, ó sì béèrè ibi tí a ti wá. Mo ní láti Bìní. Ó wo ojú mi, ó mi orí.

"No. Where una come from?"

Mo sọ fún un pé Yorùbá ni wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó tọ́ka sókè odò. "This water na from una side e dey come."

Mo yíjú sí Màmá. "Òótọ́ ni?"

"Ọ̀sẹ̀ ni," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ tó ń ti Ekìtì ṣàn bọ̀. Tó bá dé ibí, wọ́n á pè é ní Ovia."

"Ẹ mọ èyí láti ilé?"

"Ó wà lórí máàpù."

Ọjọ́ mẹ́rin. Yẹ̀rì mi ya, ọwọ́ mi bó, mo sùn lórí ẹní ẹlẹ́ni, mo sì rìn dé iwájú odò tó ti ilé wa wá bá mi. Mo jókòó sí etí omi. Apẹja náà rò pé ebi ló ń pa mí, ó fún mi ní ẹja yíyan kan lórí ewé. Ebi náà ń pa mí.

Lẹ́yìn tí mo jẹun tán, Màmá ní kí n sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún òun, nítorí àárín omi nìkan lòun ń rí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Mo sọ nípa igi tó wó, nípa ẹyẹ funfun mẹ́ta tó bà lé e, nípa aṣọ pupa kan tí ẹnì kan sá sórí koríko lódìkejì. Ó ń yí orí rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ mi díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ pupa nìkan ni kò rí. Ó ní kí n ya á mọ́ ọn.

Ilé

Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé wa padà. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa bá Bàbá Ṣadé sọ jọ, bí mo ṣe máa rọra sọ ọ́ kó má baà já a láyà. Nígbà tí Màmá wọlé lọ wẹ̀, mo jókòó tì í, mo sọ ọ́.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Ẹ mọ̀, sà?"

"Láti ọdún tó kọjá. Ó ń bu iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sínú ọbẹ̀, ó ń bá àga jà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní tí mo bá tún dárúkọ dókítà, òun á lọ bá Ṣadé ní Ìbàdàn."

"Ẹ̀yin mọ̀, ẹ sì jẹ́ kó wọ igbó lọ?"

"Ìbá lọ lóun nìkan," ló wí. "O kò mọ̀ ọ́n ni?"

Mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàárọ̀, mo lọ sílé. N kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún mi.

Ìwé odò náà jáde kí báǹkì tó gbé mi kúrò ní Bìní. Àwọn ọmọ ìjọ ń kà á, wọ́n ṣì ń fi Píjìn jíròrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ronú ìrìn yẹn nísinsìnyí, ọjọ́ Ajé ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Èmi ni mo mú un lọ. Dókítà ya àwòrán ẹyinjú sórí ìwé láti fi ṣàlàyé fún un, Màmá sì sọ fún un pé kò ya á dáadáa. Dókítà náà ṣe sùúrù. Ó ní omi tó wà nínú ẹyinjú ló ń fún un pa láti inú wá. Ohun tí ojú òsì ti pàdánù kò ní padà mọ́. Ti ọ̀tún ṣeé dì mú síbi tó dé yìí, bí ó bá ń kán oògùn sí i lójoojúmọ́, títí ayé. Ó ní bí a bá fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀ ni, òun kì bá tí ní nǹkan kan láti sọ.

Màmá gba ìwé oògùn, ó ká a sí mẹ́rin. A jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti dúró.

"Kì í ṣe nítorí ìwé odò nìkan ni mo ṣe rin ìrìn yẹn," ló wí. "Mo fẹ́ mọ ibi tí ojú mi bá a dé. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n fúnra mi, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi."

Inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo fẹ́ dárúkọ afárá onígi yẹn. Mo wò ó, ó kéré sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ilé ìtajà oògùn wà lódìkejì títì. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, àwọn ọlọ́kadà ń gba àárín wọn kọjá. Màmá sún mọ́ etí ọ̀nà, ó yí orí sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún, ó tún yí i padà.

"Fúnmi," ló wí, "ṣé ọ̀nà ti dá?"

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń bi èèyàn ní ìbéèrè, tíṣà ni. Èyí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdáhùn rẹ̀.

"Kò tíì dá, Mà," ni mo wí. A dúró.